Nígbà Tí Owó Kan Bá Di Méjì Lójú Ẹni

 

Ọ̀rọ̀ ojú ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mi ò wá kọ ìwé ìpàdé? Owó ni mo ń kà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ni ₦500 kan bá di méjì lójú mi. Mo nu ojú, kò lọ. Mo fún oníbàárà ní ṣéńjì, ó ní mo rẹ́ òun jẹ. Hàáà! Èmi tí mo ń kọ owó ẹgbẹ́ sílẹ̀! Àwọn kan ní ayé ni. Èmi náà kò gbọ́n, mo ra awò ojú lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri. Méjì náà ni mo ṣì ń rí, ó kàn tóbi sí i ni.

Ọmọ mi ló fà mí lọ sí ọsibítù. Dókítà ní kí n fi ọwọ́ bo ojú kan. Mo bò ó, méjì di ọ̀kan. Mo ṣí i, ó tún di méjì. Ó ní bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ojú méjèèjì kò wo ibi kan náà mọ́ nìyẹn. Iṣan mẹ́fà ló ń fa ẹyinjú kọ̀ọ̀kan, sókè, sódò, síhà imú, síhà etí, wọ́n sì tún ń yí i bí ẹni yí ọsàn lọ́wọ́. Okùn mẹ́ta láti inú ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí wọn. Bí ọ̀kan bá kọṣẹ́, ojú á yà. Àfi bí ẹni méjì tó jọ gbé àpò ẹlùbọ́ kan, tí ẹnì kan wá dúró lójú ọ̀nà.

Ó mú bírò, ó ní kí n má mi orí, kí n máa fi ojú nìkan tẹ̀ lé e. Ó gbé e sọ́tùn-ún, sósì, ó gbé e sókè sódò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó ní kí n sọ ibi tí méjì náà ti jìnnà síra jù. Apá òsì ni. Ojú òsì mi kò lè lọ síhà etí mọ́! Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ mi. Àtọ̀gbẹ ló bá níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo ní i rárá. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru a máa ba okùn ojú jẹ́. Wọ́n fún mi ní oògùn, mo ń bo ojú kan, ó tó oṣù mẹ́ta kí ojú tó padà sípò.

Tèmi tiẹ̀ rọ̀. Bí rírí méjì bá dé lójijì, tí ẹnu wọ́, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, tí orí ń fọ́ burúkú tàbí tí ìpéǹpéjú kan já wálẹ̀, ẹ gbé ẹni náà lọ lójú ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ní ojú kan tó yà, tí ẹ ní yóò dàgbà kúrò níbẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ. Bó bá pẹ́, ọpọlọ ọmọ náà á pa ojú yẹn tì.

Èrò tèmi ni pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó aṣọ ẹgbẹ́, kí a fi ran ẹni tí ojú bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Aṣọ tí a ní ti tó. Mo ti kọ ọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ ìpàdé tó ń bọ̀.

Oníbàárà tí mo fún ní ṣéńjì tí kò pé lọ́jọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbà á. Mo ti dì í sẹ́tí aṣọ dè yín.