Ẹ Kọ́ Wa Láti Dúró De Ìdáhùn

A kì í bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀ kí a tún sá lọ kí ó tó dáhùn. Síbẹ̀, ohun tí ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ fún màmá mi ṣe gan-an nìyẹn.

Màmá mi ń ta léèsì ní Ìdúmọ̀tà. Mo fi JavaScript kọ ojú ìwé kan tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó. Bí ó bá fẹ́ pa orúkọ kan rẹ́, àpótí ìbéèrè á yọ: “Ṣé kí n pa á rẹ́?” Lọ́jọ́ kan, àṣìṣe ni ó fi kan orúkọ oníbàárà kan. Ó yára tẹ “Rárá”, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti lọ, gbèsè ₦60,000 sì bá a lọ.

Kí ló fà á? Confirm nìkan ni wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì. Confirm a máa dá iṣẹ́ ojú ìwé dúró títí èèyàn yóò fi dáhùn. Àpótí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe kì í dá nǹkan kan dúró. Bó ṣe ń yọ ni kọ̀ǹpútà ti bọ́ sí ìlà tó kàn, ìlà yẹn ni mo sì kọ ìparẹ́ sí.

Àwọn kan ní confirm ti tó fún ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, pé callback le jù. N kò gbà. Ọ̀rọ̀ tó wà lára bọ́tìnnì confirm kò ṣeé yí padà. Ohun tí Chrome bá kọ síbẹ̀ náà ni. Ta ni yóò wá kọ “Rárá” fún màmá mi?

Callback kò sì le. Gbogbo ọmọ ọlọ́jà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti ṣe é rí. Bí àwọ̀ tí oníbàárà fẹ́ kò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù, màmá mi á rán mi lọ síbi tí ẹrù wà: “Bí o bá rí i, pè mí, kí n gba owó, bí o ò bá rí i, pè mí, kí n fi òmíràn hàn wọ́n.” Kì í ti ṣọ́ọ̀bù dè mí, ó ń tajà rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í gbowó kí n tó pè. Bẹ́ẹ̀ ni callback rí: a fi iṣẹ́ tó kù lé àpótí lọ́wọ́, kí ó ṣe é nígbà tí èsì bá dé. Mo gbé ìparẹ́ sínú callback bọ́tìnnì “Bẹ́ẹ̀ ni”, wàhálà sì tán. Promise tó wọ JavaScript ní 2015 àti async tó tẹ̀ lé e ní 2017, orí èrò kan náà ni wọ́n dúró lé.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má fi wá sílẹ̀ nídìí confirm. Ọpẹ́lọpẹ́ oníbàárà yẹn tó jẹ́ olóòótọ́ ni màmá mi fi rí owó rẹ̀ gbà. Kò yẹ kí owó ọjà máa dúró lórí òótọ́ inú onígbèsè, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan lè dáàbò bò ó.