Aṣọ Olè Kì í Ṣe Awọ Ara

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí, ó dájú pé o ti gbọ́ òwe àwọn àgbà pé, ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó da àrán borí, aṣọ olè ni ó dà bora. Òwe rere ni. Ṣùgbọ́n ta ni a pa á fún? Ẹni tí kò tí ì jalè ni a pa á fún, kí ó lè bẹ̀rù ìtìjú, kí ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. A kò pa á kí a lè fi í ba ayé ọmọdé tí ó ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré jẹ́.

Fi ojú inú wo ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan tí ó jí owó lábẹ́ àtẹ ìyá aláta, tí ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀. Ní ọ̀nà kìíní, yóò sun àtìmọ́lé, yóò dúró níwájú adájọ́, orúkọ rẹ̀ yóò sì wọ ìwé ọ̀daràn. Ó lè bá ògbólógbòó pàdé níbẹ̀ tí yóò kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá aláta ńkọ́? Kọ́bọ̀ kan lè má padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀nà kejì, ọmọ náà yóò dá owó padà, yóò dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀, àgbà kan yóò sì máa ṣọ́ ìrìn rẹ̀ títí ìwà rẹ̀ yóò fi tọ́.

Èmi kọ́ ni mo la ọ̀nà kejì yìí. Ó wà nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ di òfin tirẹ̀ ní 2007. Bí ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 kò bá wúwo, òfin náà fún ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò ìjọba ní agbára láti parí ọ̀ràn rẹ̀ láìsí ìgbẹ́jọ́, nípa ìtọ́sọ́nà, ìbójútó, dídá ohun tí a mú padà, àti sísan owó gbà-má-bínú.

Àwọn kan yóò kígbe pé àkẹ́bàjẹ́ ni èyí, pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ni òwe ní kí a gé. Kò ní kí a hú igi tegbòtegbò. Ǹjẹ́ ó sì rọrùn láti wo ojú ẹni tí o jí owó rẹ̀, kí o wí pé, “Èmi ni mo mú un”? Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò lè ṣe é.

Gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn ọ́. Lára ohun tí òfin náà ní kí a wò ni bóyá ẹbí tàbí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà yóò bá a wí lọ́nà tí yóò tún un ṣe. Bí bàbá bá kọ̀ ọ́ lọ́mọ, bí ilé ẹ̀kọ́ bá lé e, bí ìwọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń pè é ní olè ní òròòwúrọ̀, ta ni yóò kù láti tún un ṣe? Ìwé òfin kò ní ọwọ́. Àwa ni ọwọ́ rẹ̀. Àwọn baba wa sì wí pé, bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ẹlẹgbẹ́ rẹ bá ṣẹ̀, má ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Jẹ́ kí ó jẹ́wọ́, kí ó sì san án. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti san án tán, bá a bọ́ aṣọ náà. Aṣọ ni, kì í ṣe awọ ara.