Bàtà Karùn-ún ní Ẹnu Ọ̀nà

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ fíìmù la gbé wá, àti ọ̀rọ̀ ọmọ tó fẹ́ ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ń ta aṣọ ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, níbi tí Odò Ọya ti gba ìlú kọjá. Ọmọ wọn ọkùnrin ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ fíìmù níbẹ̀. Olùkọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ya ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù fún ìṣẹ́jú méjì péré, irú fíìmù tí àyà ẹni á ti máa já kí èèyàn tó mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ọmọ wa kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀: ọkùnrin kan fi aṣọ bo ojú, ó gun alùpùpù wọ àdúgbò lálẹ́, ó gbé ìbọn onígi dání, àwọn èèyàn ń sá. Ìyá rẹ̀ ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ló bá pè wá lórí fóònù: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màámi."

A ò bẹ̀ wọ́n, nítorí òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní agbègbè Tillabéri tó yí Niamey ká, àwọn agbébọn máa ń gun alùpùpù wọ abúlé láti pààyàn, débi pé ìjọba fòfin de alùpùpù níbẹ̀ ní ọdún 2020. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ará àdúgbò tó bá rí ẹni tó bojú lórí alùpùpù kò ní dúró béèrè bóyá eré ni. Ṣọ́jà pàápàá kò ní béèrè. Bákan náà ló rí fún ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ya fíìmù ní Ìbàdàn tàbí ní London: ìbọn eré kò gbọdọ̀ dé ìta gbangba láìjẹ́ pé àwọn aláṣẹ àti ará àdúgbò ti gbọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Nìjẹ̀r. Ní 1966, Moustapha Alassane ṣe fíìmù kan níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Le Retour d'un aventurier. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 34 lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti Amẹ́ríkà dé, ó kó aṣọ kọ́bọ́ì wá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní abúlé. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n gun ẹṣin, wọ́n ń ṣe bí àwọn tí wọ́n ń wò nínú sinimá. Zalika Souley, tó padà di gbajúgbajà òṣèré, wà lára wọn. Kò pẹ́ tí eré fi di jàgídíjàgan: wọ́n ń jalè, wọ́n ń lu ara wọn. Aṣọ ló kọ́kọ́ wọ̀lú, ìwà tẹ̀ lé e.

A sọ ìtàn yìí fún ọmọ wa, a wá bi í pé: "Ọkùnrin abojú tìrẹ yìí, fíìmù mélòó lo ti rí i?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò lóǹkà.

A tún rán an létí Oumarou Ganda, ọmọ Niamey tí wọ́n bí ní 1935. Ó ti ṣe ṣọ́jà fún ilẹ̀ Faransé ní Indochina, ó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté Abidjan. Nígbà tó máa ṣe fíìmù tirẹ̀, Cabascabo, ìtàn ṣọ́jà tó ti Indochina darí wálé ló sọ, ní èdè Zarma. Ní 1969, wọ́n wò ó ní Cannes, ní ilẹ̀ Faransé. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ló sọ.

"Ìwọ ńkọ́? Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù gan-an nínú ilé yín?" Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní: "Àlejò tó wọlé tí kò kí ẹnikẹ́ni."

Ibẹ̀ ni fíìmù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń bọ́ bàtà sí nílé wọn. Nínú eré náà, bàbá wà lọ́jà, èèyàn mẹ́rin ló wà nílé. Ọmọdébìnrin kan pọnmi dé ní ìrọ̀lẹ́, ó bọ́ bàtà, ó rí i pé bàtà márùn-ún ló wà nílẹ̀. Ìkarùn-ún tóbi, kò rí i rí. Ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí fóònù nínú yàrá: "Wọ́n ti wọlé." Ara tù ú. Ó ní Bàbá ti dé nìyẹn, wọ́n ti ra bàtà tuntun. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ wá dún. Bàbá ni, láti ọjà. Ó bojú wẹ̀yìn: bàtà karùn-ún ò sí níbẹ̀ mọ́. Àkọlé jáde, ó parí.

Ẹ wo ohun tí èdè wa ṣe níbẹ̀. "Wọ́n" lè jẹ́ bàbá kan ṣoṣo tí à ń bọ̀wọ̀ fún, ó sì lè jẹ́ ogún èèyàn tí a kò mọ̀ rí. Ọmọ tó bá sọ ọ́ ní Faransé á ní láti yan ọ̀kan. Yorùbá kò ní kó yàn, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bani.

Ó wá ku iṣẹ́. A ní kó pín ìwé sí àpótí-àpótí, kó ya ohun tí kámẹ́rà yóò rí sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ sábẹ́. Ìṣẹ́jú méjì kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 120 lọ. Àpótí 23 ló kọ́kọ́ yà. A gé e títí ó fi ku mẹ́sàn-án. Bàtà nìkan gba 15 ìṣẹ́jú-àáyá, kí òǹwòran lè fúnra rẹ̀ kà á.

Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ kì í pẹ́ lọ. Nítorí náà, ọ̀sán ni wọ́n fi eré náà kọ́ra lábẹ́ òjìji. Ní oṣù kẹrin, ooru Niamey ń kọjá 40, fóònù tó bá gbóná jù á kú fúnra rẹ̀. Wọ́n fi fóònù kejì pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kí ohùn lè mọ́. Wọ́n gba ohùn yàrá òfìfo sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n lè fi dí àlàfo ohùn. Wọ́n sọ fún onílé àti aládùúgbò. Wọ́n ya fọ́tò gbogbo nǹkan kí wọ́n tó sùn, kí aṣọ àná má bàa yàtọ̀ sí tòní.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ kejì, wọn ò rí bàtà karùn-ún. Ẹni tí wọ́n yá a lọ́wọ́ rẹ̀ ti wá wọ̀ ọ́ lọ sójúde ìgbéyàwó! Wọ́n dúró títí ó fi dé.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ṣe ọmọ, ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀ jálẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣe ìyá. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, gbogbo ilé jókòó wò ó. Kò sí ìbọn, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa rọra dìde, wọ́n lọ ka bàtà ẹnu ọ̀nà.