Omi Tó Ń Wá Ẹlẹ́rìí

Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù. Bí a bá fẹ́ rí òwe yìí lójú ayé, ká wo àwọn oníṣòwò Kúbà tó sá wọ Miami lẹ́yìn tí Fidel Castro gbàjọba ní 1959. Ilé àti ọjà wọn ló kù sí Havana. Kò sí ohun tí wọ́n lè fi dógò ní báǹkì. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún 1960, àwọn ọmọ Kúbà bíi tiwọn ti wà lára àwọn tó ń yáni lówó ní báǹkì Republic National. Àwọn yìí mọ ẹni tó ń tajà ní Havana tí kì í jẹ gbèsè mọ́lẹ̀. Ìwà ni wọ́n gbà dógò, tí wọ́n fi yá wọn lówó, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké Miami sì ti ibẹ̀ dìde.

Omi Havana ló tutù sí wọn lẹ́sẹ̀ ní Miami. Àmọ́ ta ló rí wọn nígbà tí wọ́n ń dà á? Ìbéèrè yìí ni a kì í sábà bi òwe náà. Ní nǹkan bí 1973, ètò yẹn dópin, torí àwọn ará báǹkì kò mọ àwọn tó ń dé nígbà náà rí. Nígbà tí nǹkan bí 125,000 ènìyàn tún gba ojú omi dé láti èbúté Mariel ní Kúbà ní 1980, àwọn olóòótọ́ wà láàárín wọn. Onídùúró ni wọn kò ní.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Obìnrin Mẹ́síkò tó ń ta oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní tamales létí títì ní Amẹ́ríkà lè máa dá tanda, tí í ṣe èsúsù tiwọn, fún ọdún pípẹ́ láìpa ọ̀sẹ̀ kan jẹ. Lójú báǹkì, kò tíì san gbèsè kankan rí.

Ní San Francisco, ẹgbẹ́ Mission Asset Fund tí José Quiñonez dá sílẹ̀ ní 2007 mú irú àjọ bẹ́ẹ̀ wọnú ìwé. Kò sí èlé lórí owó náà, wọ́n sì ń jábọ̀ owó tí kálukú dá fún àwọn tó ń pa àkọsílẹ̀ gbèsè mọ́. Ní 2014, ìpínlẹ̀ California ṣòfin tó fàyè gba irú ẹ̀yáwó yìí. Owó àjọ kan lè má tó ra ọkọ̀ tí ìyá náà lè máa fi ta oúnjẹ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìyá oní-tamales lè wọ báǹkì tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, kó bèèrè owó ọkọ̀, kí wọ́n sì rí i kà pé ó ń sanwó lásìkò.