Ẹ Tọ́jú Fọ́tò Yín Kí Ẹ Tó Gbé E Síta

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ tó gbé fọ́tò sórí ayélujára. Yíyà lẹ yà á, ẹ kò tíì tọ́jú rẹ̀. Ó ku kí ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ gé ohun tí kò yẹ kí ayé rí kúrò, kí ẹ bo èyí tó yẹ ní bíbò, kí ẹ sì yọ ohun tí fóònù fi pamọ́ sínú rẹ̀ láìsọ fún yín. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ohun tó ń kó bá wa ni pé a rò pé ohun tí a fẹ́ fihàn nìkan ni fọ́tò ń fihàn.

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò kan tí gbogbo wa mọ̀. Oṣù Kẹsàn-án dé, ilé-ìwé wọlé, ìyá mú ọmọbìnrin rẹ̀ dúró sí ẹnu géètì láàárọ̀ ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ JSS 1. Inú ìyá dùn, ó sì tọ́ kó dùn, nítorí owó ilé-ìwé ayé ìsinsìnyí kì í ṣe owó kékeré. Ó ya ọmọ náà, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sábẹ́ fọ́tò, ó fi àdúrà sí i, ó gbé e sórí Facebook àti status WhatsApp. Ẹ wá sún mọ́ fọ́tò yẹn. Báàjì ilé-ìwé wà láyà ọmọ, orúkọ ilé-ìwé hàn lára rẹ̀ ketekete. Nọ́ńbà ilé wà lára òpó géètì, lókè èjìká rẹ̀ ọ̀tún. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn, nọ́ńbà ọkọ̀ kọjú sí kámẹ́rà. Wọ́n ti fi máákà kọ orúkọ àti kíláàsì rẹ̀ gàdàgbà sára báàgì kó má baà sọnù. Aago tó wà lórí fọ́tò náà ń sọ pé kí aago méje tó lù ni wọ́n ń jáde nílé. Ẹni tí ìyá yìí kò rí rí ti mọ orúkọ ọmọ, ilé-ìwé rẹ̀, kíláàsì rẹ̀, ilé rẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbé e àti àsìkò tó ń jáde. Ní ìlú tí wọ́n ti ń jí ọmọ gbé láti gba owó, àfi bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ ẹnu ọ̀nà.

N kò sọ pé kí ìyá má dúpẹ́ lórí ọmọ rẹ̀. Kó ṣí fọ́tò náà, kó tẹ Edit, kó gé e títí yóò fi ku orí, ọrùn àti ẹ̀rín ọmọ. Géètì ti lọ nìyẹn, ọkọ̀ ti lọ, báàgì ti lọ. Bí etí báàjì bá ṣì yọjú láyà, kó bò ó. Oríkì tàbí orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ nínú ilé tó fún àdúrà. Ọlọ́run mọ ẹni tí à ń wí. Kó sì jẹ́ kí ọmọ délé, kó jẹun ọ̀sán, kó tó gbé e síta. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ yóò ṣì kí i kú oríire, fọ́tò náà yóò sì lẹ́wà ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ojú ọmọ ló kún inú rẹ̀.

Ohun tí ojú rí nìyẹn. Èyí tí ojú kò rí ńkọ́? Láti ọdún 1995 ni àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ní Japan ti ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Exif. Òun ló jẹ́ kí kámẹ́rà máa kọ àkọsílẹ̀ sínú fọ́tò: irú kámẹ́rà tó yà á, ọjọ́ tí wọ́n yà á, àti wákàtí rẹ̀. Nígbà tí fóònù wá gbọ́n débi pé ó mọ ibi tó wà, ibẹ̀ náà ń wọnú àkọsílẹ̀ yìí, ó sì lè tọ́ka sí ilé kan ṣoṣo láàárín àdúgbò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, John McAfee, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ètò apakòkòrò kọ̀ǹpútà, ń sá fún ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè Belize tó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí ikú aládùúgbò rẹ̀. Àwọn oníròyìn Vice wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ síta láìyọ àkọsílẹ̀ inú rẹ̀. Àwọn tó ṣí i wò rí i pé Guatemala ni wọ́n ti yà á, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń fi fọ́tò jẹun ló gbàgbé o, áńbọ̀sìbọ́sí èmi àti ẹ̀yin.

Facebook àti WhatsApp máa ń yọ àkọsílẹ̀ yìí kúrò kí ẹlòmíràn tó rí fọ́tò yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí Document, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ímeèlì. Ọ̀pọ̀ wa ló ń lo Document nígbà tí àbúrò tó wà ní London bá ní fọ́tò ìgbéyàwó ṣe bàìbàì lójú òun. Sí àbúrò ẹni, kò sí ewu. Sí àjèjì tó ní òun fẹ́ ra fíríìjì yín, tó ní kí ẹ fi fọ́tò rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ ránṣẹ́, ewu wà, nítorí ibi tí fíríìjì wà ni ilé yín. Nítorí náà, ẹ lọ sínú Settings kámẹ́rà fóònù Android yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Location sí, ẹ pa á. Lórí iPhone, inú Privacy & Security ni Location Services wà. Ẹ wá Camera níbẹ̀, kí ẹ yan Never. Èyí tí ẹ ti yà tẹ́lẹ̀, ẹ ya screenshot rẹ̀, kí ẹ fi screenshot ránṣẹ́. Kì í gbé àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò àkọ́kọ́ dání.

Ọ̀rọ̀ bíbo nǹkan ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ pé kò yẹ kí NIN tàbí nọ́ńbà káàdì ATM hàn, wọ́n sì ń bò ó, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń bò ó kò bo nǹkan kan. Ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ kọ nọ́ńbà mọ́kànlá kan sórí ìwé funfun, ẹ yà á ní fọ́tò. Ẹ ṣí Edit, ẹ mú kálámù tó dà bíi máákà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń fa ìlà sórí ìwé, ẹ fi àwọ̀ dúdú kun nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta títí ẹ kò fi ní rí i mọ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ wá tún un ṣí, ẹ gbé Brightness àti Contrast lọ sókè pátápátá. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, nọ́ńbà yín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde lábẹ́ dúdú yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ kálámù yẹn kò ki, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì ń hàn. Ohun tí oníjìbìtì nílò kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lílọ́ ojú po ńkọ́? Ní ọdún 2007, ọ̀daràn kan wà tó ń ba àwọn ọmọdé jẹ́ ní Éṣíà, tó ń gbé fọ́tò ìwà ibi rẹ̀ sórí ayélujára, tó sì ti fi kọ̀ǹpútà lọ́ ojú ara rẹ̀ po bí omi tó ń yí nínú ihò. Àwọn ọlọ́pàá Jámánì tú u padà, Interpol gbé ojú rẹ̀ síta ní oṣù Kẹwàá, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi mú un ní Thailand. Inú mi dùn pé ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí kò lè bo ọ̀daràn kò lè bo ọmọ yín náà. Sísọ ọ̀rọ̀ di onígun mẹ́rin kéékèèké, bí wọ́n ti ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sàn tó bẹ́ẹ̀: ní ọdún 2020 ni wọ́n gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní Depix síta lọ́fẹ̀ẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ padà.

Gígé pàápàá ti dalẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Simon Aarons àti David Buchanan fihàn pé bí ènìyàn bá fi fóònù Pixel ti Google gé screenshot, apá tí ó gé sọnù lè ṣì wà nínú fáìlì, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sì fà á jáde. Irú àléébù bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n fi ń gé àwòrán lórí Windows náà. Wọ́n ti tún méjèèjì ṣe, ẹ má fòyà. Àmọ́ èyí tí àwọn ènìyàn ti gbé síta ṣáájú ìgbà náà, kò sí ẹni tó lè tún un ṣe fún wọn.

Báwo wá ni ká ṣe bo ohun tó yẹ ní bíbò? Ẹ lo àpótí dúdú tó ki, tí wọ́n ń pè ní Shape nínú ọ̀pọ̀ ètò Edit, kí ẹ gbé e lé ohun tí ẹ fẹ́ bò. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ ya screenshot ohun tí ẹ ṣe, screenshot yẹn ni kí ẹ gbé síta. Èyí tó tún dára jù ni kí ẹ bò ó kí ẹ tó yà á rárá: ẹ fi ìwé lé nọ́ńbà lórí, tàbí kí ẹ ká etí ìwé náà. Ohun tí kò wọnú fọ́tò, kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ jáde.

Bí ẹ bá ń bo NIN, ẹ bo àmì QR ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń japa, tí ẹ ń gbé boarding pass síta láti Ìkẹjà kí ayé lè bá yín yọ̀, mo bá yín yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 2020, Tony Abbott tó ti fi ìgbà kan ṣe olórí ìjọba Australia gbé fọ́tò boarding pass rẹ̀ síta. Ọ̀dọ́kùnrin kan mú nọ́ńbà ìrìnàjò tó wà lára rẹ̀ àti orúkọ ìdílé, ó fi wọlé sí ìkànnì iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ó sì rí nọ́ńbà ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ọmọlúwàbí ni, ńṣe ló wá àwọn aláṣẹ lọ láti sọ fún wọn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń wo fọ́tò yín ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ya ojú ọ̀run láti fèrèsé ọkọ̀ òfurufú, ó tó.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má gbé alert báńkì oníbàárà síta láti fi jẹ́rìí pé ọjà ń tà. Orúkọ ẹni yẹn àti iye tó san kì í ṣe ohun ìpolówó. Bí àwọn olè bá ń jí fọ́tò ọjà yín lò, ẹ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín sí àárín fọ́tò. Èyí tó bá wà ní igun, gígé ni wọ́n máa gé e. Ẹ dín fọ́tò kù kó má wúwo, nítorí dátà oníbàárà ló ń jẹ. Bí ẹ bá sì tún àwọ̀ ánkárá ṣe débi pé kò jọ èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù mọ́, irọ́ ni ẹ pa fún ẹni tó fẹ́ rà á. Òbí tó ń fi Filter bó àwọ̀ ọmọ rẹ̀ kó lè pupa, mo bẹ̀ ẹ́, kó jáwọ́. Ọmọ yẹn yóò dàgbà, yóò rí i.

Àwọn tó wà nínú fọ́tò yín pẹ̀lú, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó gbé e síta. Ẹ̀yin tó ni ilé-ìwé, òfin ìdáàbòbò ìwífún tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 fi ìyọ̀ǹda lórí ìwífún ọmọdé sí ọwọ́ òbí tàbí alágbàtọ́, ìwífún sì ni ojú ọmọ lórí fọ́tò. Ní ti fọ́tò ìjàǹbá ọkọ̀, kò sí Edit tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ má ya òkú, ẹ má ya ẹni tó ń jẹ̀rora. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn awakọ̀ mọ̀ pé ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti dí, ẹ ya ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó tò sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ sí i. Kò yẹ kí ìyá gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀ lórí fóònù aládùúgbò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ tó kù wà. Bí ẹ bá délé lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jókòó ti màmá àti bàbá yín, kí ẹ bá wọn lọ sí àwọn fọ́tò tí wọ́n ti gbé sórí Facebook láti ọdún tó ti pẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ti àwọn ọmọdé àti ti ìwé ìdánimọ̀. Ẹ pa èyí tó yẹ kí ẹ pa, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ nìkan máa rí ìyókù. Ẹ má ṣe é fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìka ara wọn gé e, kí wọ́n fi ìka ara wọn gbé àpótí dúdú lé e, títí yóò fi mọ́ wọn lára.