Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Rí I?

Ní gúúsù ìlú Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, ni àdúgbò Patte d'Oie wà. Oríta ni orúkọ náà dúró fún lédè Faransé, nítorí pé ọ̀nà a máa là níbẹ̀ bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Láti apá ìlú yìí ni àwọn awakọ̀ ti ń forí lé Pô àti ilẹ̀ Gánà. Ohun tó bá gba irú oríta bẹ́ẹ̀ kọjá lè dé ọ̀dọ̀ wa kí á tó gbọ́ ìròyìn rẹ̀.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ apániláyà tó ń fi àrùn jagun, ọ̀ràn òyìnbó ni. Àwọn mìíràn ní kí á ṣáà fi ìbọn ṣọ́ ẹnubodè. Èrò méjèèjì kò tọ́. Ní ọdún 2001, a fi kòkòrò àrùn anthrax ránṣẹ́ nínú lẹ́tà ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 5 kú. Ní ọdún 2023, àrùn kan náà pa màlúù àti ènìyàn ní àríwá Gánà, ó sì yọjú lára ẹran ọ̀sìn ní ìpínlẹ̀ Niger ní Nàìjíríà. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Ṣùgbọ́n kòkòrò kì í sọ ẹni tó rán an níṣẹ́; ẹni tí yóò tètè dá a mọ̀ ni a nílò.

Ìbọn kọ́ ló gba Èkó lọ́wọ́ Ebola ní ọdún 2014. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh ló fura sí aláìsàn tó ti Làìbéríà dé, tó sì kọ̀ kó jáde nílé ìwòsàn. Ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 kú, ó sì parí síbẹ̀.

Ní Burkina Faso, ogun àwọn apániláyà ti mú kí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìgbèríko tì pa. Ibi tí a ti ń bẹ̀rù ọ̀tá jù lọ gan-an ni ojú tí ì bá rí i ti fọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, orílẹ̀-èdè náà jáde kúrò nínú ECOWAS. Kí àwọn olóṣèlú máa bá ìjà wọn lọ. Kí wọ́n má ṣe dí ìròyìn àrùn lọ́nà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ibà bá dá ọmọ mẹ́wàá dúró sílé lọ́jọ́ kan, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ bí kò ṣe ẹ̀yin? Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì àdúgbò. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé a kì í jẹ òkú ẹran. Kí á sì béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé kí ilé ìwòsàn kékeré gbogbo ní òṣìṣẹ́ àti ọ̀nà àtiṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n tó ra ìbọn mìíràn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.