Ẹ̀yin oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà Ṣómólú, ẹ dákun, ẹ sinmi ojú!

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú, láti Pedro dé Bàrígà, á mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ gbilẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, pósítà olóṣèlú, kò sí èyí tí wọn kì í tẹ̀. Tí ọdún bá ń parí lọ, tàbí tí ìbò bá sún mọ́lé, ìdí kọ̀ǹpútà ni ilẹ̀ ń mọ́ bá àwọn mìíràn.

Tó bá di àárọ̀, ẹjọ́ ojú ló kù. Ọ̀kan á ní ojú ń ta òun, òmíràn á ní ó ń ṣe òun bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀, ẹlòmíì á ní orí ń fọ́ òun. Ó di kẹ́míìsì! Ẹ̀yin èèyàn wa, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ojú tó rẹ̀ kì í fọ́ni lójú. Bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ó máa ń ṣẹ́jú bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó lè má tó ìdajì ẹ̀ mọ́. Ojú á gbẹ, á sì máa ta. Ìsinmi loògùn ẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ gbójú kúrò níbi iṣẹ́, kẹ́ ẹ wo nǹkan tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Tí ṣọ́ọ̀bù bá kéré, ẹ bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ojú yín. Ẹ má sì jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ sí yín lójú tààrà. Ẹ̀yin télọ̀ tẹ́ ẹ ń rán aṣọ dúdú lálẹ́, ẹ gbé iná sí ẹ̀gbẹ́, kó tàn sára aṣọ, kì í ṣe sójú yín.

Ṣùgbọ́n oògùn ojú tẹ́ ẹ kàn ń rà kiri, ẹ ṣọ́ra fún un. Sitẹ́rọ́ọ̀dù wà nínú òmíràn. Ó máa ń jẹ́ kí ojú tó pọ́n tètè mọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń kán an fún ìgbà pípẹ́, ó lè fa glaucoma. Àrùn yìí kì í sábà dun èèyàn, ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti máa ń jí ìríran lọ, èyí tó bá sì ti lọ kì í padà mọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú afọ́jú 6 tó ti pé ogójì ọdún sókè, òun ló fọ́ ẹnì kan lójú.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ti sinmi fún ọjọ́ méjì mẹ́ta tí kò lọ, tàbí tí ojú kan kò ríran tó ìkejì, ẹ má pè é ní wàhálà iṣẹ́ mọ́. Ọsibítù Gbàgádà kò jìnnà sí Pedro, LUTH náà wà ní Ìdí-Àràbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé lógójì ọdún, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò kẹ́ ẹ tó ra awò ojú.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má rò pé ọmọ iṣẹ́ tó gbójú sókè ń ṣọ̀lẹ. Ojú tó ti rẹ̀ ló ń ṣi orúkọ ìyàwó kọ sínú káàdì. Tí wọ́n bá sì dá 500 káàdì padà, àpò ta ni wọ́n á ti tún un tẹ̀? Àpò yín ni o!